Àádọ́ta Ọdún Létí Odò Méjì: Ìtàn Àjọ Ògùn òun Ọ̀ṣun

Ní ọdún 1976, ìjọba ológun tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ń darí gbé òfin kan jáde tí wọ́n pè ní Òfin 25. Òfin yìí ló sọ àjọ tí yóò máa bójú tó àwọn odò ńláńlá Nàìjíríà, àti gbogbo ilẹ̀ tí omi ti ń ṣàn wọ inú wọn, di mọ́kànlá. Ọ̀kan nínú mọ́kànlá náà gba orúkọ odò méjì tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ wọ́n: Ògùn àti Ọ̀ṣun. Abẹ́òkúta ni wọ́n fi olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní, lójú ọ̀nà Àlàbàtà. Ní ọdún 2026, Àjọ Ìdàgbàsókè Agbègbè Odò Ògùn òun Ọ̀ṣun pé àádọ́ta ọdún.

Ẹni tó bá pé àádọ́ta ọdún, ó yẹ kó rántí ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Lára iṣẹ́ tí òfin àkọ́kọ́ yẹn là sílẹ̀ fún àjọ yìí ni kíkọ́ dáàmù, gbígbẹ́ kànga, bíbomi rin oko, àti dídá ọwọ́ omíyalé dúró. Ṣùgbọ́n ó tún pàṣẹ pé kí wọ́n ká àwọn tó ń ba omi odò jẹ́ lọ́wọ́ kò, kí wọ́n tọ́jú ilẹ̀ tí odò ti ń gba omi rẹ̀, kí wọ́n sì wá ibùgbé mìíràn fún ẹni tí iṣẹ́ wọn bá lé kúrò nílé. Apá kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí jẹ́ ti ẹni tó ń kọ́lé. Apá kejì jẹ́ ti alágbàtọ́. Bí mo ṣe rí ìtàn àádọ́ta ọdún yìí ni pé iṣẹ́ ìkọ́lé gbilẹ̀, iṣẹ́ alágbàtọ́ sì ń rẹ̀yìn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ kí a tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ìjọba tó dé etí odò

Odò Ògùn ṣẹ̀ láti orí àwọn òkè tó wà lágbègbè Ṣakí. Ó gba inú igbó tó yí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ká kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìsẹ́yìn, ó gba Abẹ́òkúta, kó tó dé Ìṣẹrí, kó sì wọ inú ọ̀sà Èkó. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ní tirẹ̀ ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó gba Òṣogbo, ó sì lọ wọ ọ̀sà Lẹ́kí. Yemọja ni àwọn baba wa mọ̀ mọ́ Ògùn. Ọ̀ṣun sì ni orúkọ òrìṣà àti odò pa pọ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, orúkọ méjèèjì ni wọ́n mú dání sọdá òkun. Títí di òní, ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdọọdún, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń gbé òdòdó àti ẹ̀bùn lọ bá Yemọja létí òkun ní ìlú Salvador.

Orin àti ẹbọ nìkan kọ́ ni àwọn baba wa fi bọ̀wọ̀ fún odò. Wọ́n fi òfin ṣọ́ ọ. Oyè ọba Òṣogbo, Àtáọ́ja, jáde láti inú "a-tẹ́wọ́-gba-ẹja", nítorí ìtàn sọ pé ọba na ọwọ́ sí odò, ẹja tó jẹ́ ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, a kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, a kì í dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀, a kì í sì dáko síbẹ̀. Ẹlẹ́sìn Ọ̀ṣun pè é ní èèwọ̀. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ pè é ní ìtọ́jú bèbè odò. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Igi tí a kò gé ló di ilẹ̀ mú. Ilẹ̀ tí àgbàrá kò gbá lọ ló jẹ́ kí omi mọ́ gaara. Inú omi tó mọ́ gaara ni ẹja ti lè yé, kí ọmọ rẹ̀ sì yè.

Ìlú wá ń tóbi, òǹgbẹ sì ń pọ̀ sí i. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó parí, omi ẹ̀rọ ti ń ti Ìjù wọ Èkó. Ní 1942, wọ́n sé odò Ọ̀nà ní Eléyẹlé fún àwọn ará Ìbàdàn. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979, wọ́n ti sé Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ní Aṣéjìrẹ́, kí Ìbàdàn lè túbọ̀ rí omi mu. Ìlú kọ̀ọ̀kan ń bu tirẹ̀ láìbi ìlú kejì. Ẹni tó wà lókè odò kò mọ ohun tí ẹni ìsàlẹ̀ nílò, ẹni ìsàlẹ̀ kò sì lè bá ẹni òkè wí. Ó hàn gbangba pé odò nílò ẹnì kan tí yóò máa wò ó láti orísun títí dé ẹnu ọ̀sà.

Ebi ló bí i: 1973 sí 1979

Ebi ló mú kí ìjọba tètè jí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979, ọ̀dá ńlá kan kọlu ilẹ̀ Sahel. Ó dé òkè Ọya ní Nàìjíríà, ẹran ọ̀sìn kú lọ bẹẹrẹ, oko gbẹ. Ní 1973, ìjọba dá àjọ odò méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀, ọ̀kan fún agbègbè Sokoto àti Rima, èkejì fún agbègbè adágún Chad.

Ọdún 1976 ló wá di ọdún àyípadà. Ní oṣù kejì, wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ògùn, Òǹdó àti Ọ̀yọ́. Nínú oṣù yẹn kan náà ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, Ọbásanjọ́ sì gorí àlééfà. Owó epo ń wọlé bí òjò, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ń fi oko sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, oúnjẹ òkèèrè sì ń kún ọjà. Ní oṣù karùn-ún, ìjọba kéde ètò tí wọ́n pè ní Operation Feed the Nation, pé kí olúkúlùkù dáko. Inú ooru ètò yìí ni Òfin 25 ti jáde. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí ó ṣàlàyé púpọ̀ nínú ohun tó tẹ̀lé e: bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ odò, oúnjẹ ló wà lọ́kàn wọn.

Síbẹ̀, èrò kan wà nínú òfin náà tí mo kà sí ọgbọ́n ńlá. Ọ̀nà tí omi ń gbà ni wọ́n fi pín ilẹ̀, wọn kò tẹ̀lé ààlà ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ ìgbà náà bọ́ sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́ ní 1991, àjọ náà kò yí padà. Ó kàn di ti ìpínlẹ̀ mẹ́rin. Ará Ṣakí àti ará Ìṣẹrí wá jọ ní ọ́fíìsì kan náà tí wọ́n lè gbé ẹjọ́ omi wọn lọ.

Àléébù kan wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgèdè, níbi tí Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, wà ní ilẹ̀ Èkìtì, Èkìtì sì wà lábẹ́ àjọ Benin òun Ọ̀wẹnà. Orí odò wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ara àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn àgbà sì ti sọ pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ.

Àsìkò dáàmù: 1979 sí 1983

Kí àwọn ológun tó gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1979, wọ́n gbé Òfin 87 jáde, ó sì fẹ iṣẹ́ àwọn àjọ odò lójú. Iná mànàmáná, ẹran ọ̀sìn, ẹja sísìn, ríro ilẹ̀ pẹ̀lú katakata àti ṣíṣe ohun ọ̀gbìn di oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ di ti wọn. Ìjọba alágbádá tí Alhaji Shehu Shagari darí gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì fi owó lé e lórí. Àwọn ọdún wọ̀nyí ni a lè pè ní àsìkò dáàmù.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1983, Ààrẹ Shagari ṣí dáàmù Ọ̀yán, ní ìwọ̀n ogún kìlómítà sí Abẹ́òkúta. Odò Ọ̀yán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn odò tó ń ṣàn wọ Ògùn. Adágún tó wà lẹ́yìn dáàmù náà gba nǹkan bí 4,000 hẹ́kítà ilẹ̀, ó sì lè gba mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà omi. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n kọ́ ọ fún: kí ó máa tú omi sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi fà, kí ó bomi rin 3,000 hẹ́kítà oko nísàlẹ̀ odò Ògùn, kí ó sì mú mẹgawáàtì mẹ́sàn-án iná wá láti ara ẹ̀rọ mẹ́ta.

Dáàmù Ìkẹ̀rẹ̀, lórí odò Ògùn fúnra rẹ̀ lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, tún tóbi jù ú lọ. Mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà omi ni adágún rẹ̀ lè gbà. Òun náà, wọ́n fẹ́ kí ó fún ìlú ní omi, kí ó bomi rin oko Òkè-Ògùn, kí ó sì mú iná wá. Wọ́n tún la ilẹ̀ fún oko abomirin ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti ní Ìtòìkín, nítòsí Ẹ̀pẹ́.

Èso wo ni a rí jẹ níbẹ̀? Omi ni àkọ́kọ́. Ibùdó omi Arákàngà ní Abẹ́òkúta, àti Ìjù òun Adíyan tó ń bomi fún Èkó, odò Ògùn ni wọ́n ń fà. Bí Ọ̀yán kò bá tú omi sílẹ̀ láàrin oṣù kejìlá sí oṣù kẹta, odò á fà gan-an. Ẹnikẹ́ni tó bá bu omi ẹ̀rọ nínú ife ní Abẹ́òkúta nígbà ọyẹ́, ó jẹ dáàmù Ọ̀yán ní gbèsè ọpẹ́. Ìrànwọ́ gidi ni, ìtàn yìí kò sì gbọ́dọ̀ fi dù wọ́n.

Ti iná kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí Ọ̀yán, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n wà níbẹ̀ láìmú iná kankan wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ní Ìkẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ìpata ló ń jẹ irin tí wọ́n rà fún iná. Abúlé wà létí adágún méjèèjì tó jẹ́ pé àtùpà ni wọ́n ń tàn wo omi tí wọ́n ní yóò fún wọn ní iná.

Àwọn tí omi lé

Ibi tí ọkàn mi ti máa ń gbọgbẹ́ jù nínú ìtàn yìí rèé. Kí adágún Ọ̀yán tó kún, abúlé wà nínú àfonífojì yẹn, pẹ̀lú oko àti ojúbọ àwọn baba wọn. Òfin ní kí wọ́n tún ibùgbé fún wọn, wọ́n sì kó wọn lọ sórí ilẹ̀ gíga. Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n kó wọn lọ ń jẹ́ Abúlé Títun. Orúkọ náà ti sọ gbogbo ìtàn: ẹni tó ní abúlé àtijọ́ nìkan ló ń pe òmíràn ní títun.

Àìsàn tẹ̀lé omi dé. Nígbà tí odò ń ṣàn, ìgbín omi kékeré tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè bí sí i. Nígbà tí omi dákẹ́ di adágún, tí koríko hù létí rẹ̀, ìgbín náà pọ̀. Kòkòrò ń jáde lára ìgbín sínú omi, ó sì ń gba awọ ara wọlé sára ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́, ìyá tó ń fọṣọ àti apẹja tó dúró sínú omi dé orúnkún. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí tọ ẹ̀jẹ̀. Ní 1991, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nípa bí àtọ̀sí ajá ṣe ṣọṣẹ́ ní abúlé méjì tí wọ́n kó àwọn èèyàn lọ nítòsí Abẹ́òkúta. Oògùn rẹ̀ wà, kò sì wọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó lo oògùn lónìí tó sì padà sínú omi kan náà lọ́la, ó tún lè kó o. Ọmọ tí kò ní kànga tàbí bọ́húù kò ní ibòmíràn tó fẹ́ lọ.

Èyí ló jẹ́ kí n sọ pé iṣẹ́ ìkọ́lé ṣáájú, iṣẹ́ alágbàtọ́ rẹ̀yìn. Wọ́n mọ iye omi tó wà lẹ́yìn dáàmù dé orí ẹyọ kúbíìkì mítà. Ìlera àwọn tó ń gbé etí omi yẹn kò rí irú ìkà bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ń yí, owó ń gbẹ: 1984 sí 1999

Ní ìparí 1983, àwọn ológun padà dé. Ní 1984, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari sọ àjọ mọ́kànlá di méjìdínlógún, ó fi ìdàgbàsókè ìgbèríko kún orúkọ wọn, ó sì fi ààlà ìpínlẹ̀ pín wọn. Ọgbọ́n 1976 dàrú. Odò kò mọ ibi tí ìpínlẹ̀ kan parí sí. Ẹja tó kúrò ní Ọ̀yọ́ kò gba ìwé àṣẹ kó tó wọ Ògùn.

Ọdún méjì péré ni àṣìṣe yẹn lò. Ní 1986, lábẹ́ Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, Òfin 35 dá wọn padà sí mọ́kànlá, Ògùn òun Ọ̀ṣun sì tún di ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín ti odò Ọya sí méjì, gbogbo wọn sì di méjìlá. Ṣùgbọ́n òfin tuntun náà gé iṣẹ́ wọn kù. Ọdún tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, bẹ̀rẹ̀ ni, ìjọba sì ń ká ọwọ́ rẹ̀ kò nínú ọ̀pọ̀ nǹkan. Wọ́n ní kí àjọ odò fi oko dídá àti ẹran sísìn sílẹ̀ fún àgbẹ̀. Iṣẹ́ márùn-ún ni òfin 1986 kà: kí wọ́n ṣe àmúlò omi orí ilẹ̀ àti abẹ́ ilẹ̀, pẹ̀lú dídá omíyalé dúró àti títọ́jú ilẹ̀ orísun omi, kí wọ́n kọ́ dáàmù àti kànga, kí wọ́n sì tọ́jú wọn, kí wọ́n máa ta omi fún ẹni tó bá fẹ́, kí wọ́n la ọ̀nà dé ibi iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì ní ìwé ètò kan tó ka gbogbo omi agbègbè wọn àti iye tí a nílò.

Mo fara mọ́ pé kí oko dídá padà sọ́wọ́ àgbẹ̀. Ohun tó dùn mí ni gbólóhùn tí n kò rí mọ́ nínú márùn-ún yẹn: èyí tó ní kí àjọ ká ọwọ́ àwọn tó ń ba odò jẹ́ kò. Ọ̀rọ̀ àwọn tí dáàmù bá lé kúrò nílé náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tó ṣẹ́ kù fún alágbàtọ́ kò ju gbólóhùn kan lọ nípa ilẹ̀ orísun omi.

Ní 1988, òfin mìíràn kó àwọn àjọ odò mọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa wá apá kan owó ara wọn. Láti ìgbà náà, ohun tó ń pa owó wọlé ló ń gba àfiyèsí. Omi ṣeé tà. Igi etí odò, ẹyin ẹja àti omi tó mọ́ kò ní ẹni tó ń rà wọ́n, nítorí náà wọn kò ní ẹni tó ń bèèrè wọn nínú ìwé ìnáwó.

Nígbà tí odò fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀

Odò kì í dákẹ́ títí láé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ Ìbàdàn, ó sì pa ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ ìlú náà, ó gbé afárá, ó gbé ilé, ó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn odò Ìbàdàn kò sí lábẹ́ dáàmù Ọ̀yán tàbí Ìkẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n agbègbè odò kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa kò yàtọ̀: bí a bá kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi, tí a da ìdọ̀tí sí i, tí a gé igi orí òkè tán, òjò ọjọ́ kan lè gba ohun tí a fi ogójì ọdún kó jọ.

Ní ìsàlẹ̀ Ògùn, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, adágún Ọ̀yán ti kún. Bí òjò bá ń rọ̀ sí i, àfi kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn dáàmù, kí omi má bàa wó ògiri rẹ̀. Omi tí wọ́n tú yẹn ń bọ̀ wá bá Ìṣẹrí, Kárà, Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú àti Kétu. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, ilé púpọ̀ ní agbègbè wọ̀nyí rì wọ inú omi, àwọn èèyàn sì sá fi ilé sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbọ́ ìkìlọ̀ pé Ọ̀yán fẹ́ tú omi.

Àwọn ará ìsàlẹ̀ ní dáàmù ló pa àwọn. Àjọ ní inú àbàtà ni wọ́n kọ́lé sí, àbàtà sì ni yàrá tí odò ń sùn sí nígbà òjò. Òtítọ́ wà lẹ́nu tọ̀tún-tòsì. Dáàmù kọ́ ló rọ òjò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ omi lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tú u díẹ̀díẹ̀ kí adágún tó kún, kí ó sì fi èdè tí ìyá ẹlẹ́ja ní Kárà gbọ́ sọ ọjọ́ tí omi yóò dé àti ibi tí yóò dé.

Ẹja, igi àti wúrà

Láti ìgbà dé ìgbà, àwọn mìíràn ló ń ṣe iṣẹ́ alágbàtọ́ tí àjọ fi sílẹ̀. Ní Òṣogbo, Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dara pọ̀ mọ́ àwọn olùsìn Ọ̀ṣun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà láti dá ọwọ́ àwọn tó fẹ́ gé igbó náà dúró. Ìjọba àpapọ̀ sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin dáàbò bò ní 1965. Ní 2005, UNESCO kọ orúkọ igbó náà, hẹ́kítà 75 péré, mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Ní orí odò Ògùn, ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, tó di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991, gba 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ẹfọ̀n, ìrá, ọ̀bọ àti oríṣìíríṣìí ẹyẹ ń mu omi Ògùn níbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Igbó méjèèjì ń ṣiṣẹ́ tí a kò san owó rẹ̀. Wọ́n ń fa òjò mu, wọ́n sì ń tú u sínú odò díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Dáàmù tí kò ní igbó lókè rẹ̀, yanrìn ni yóò kún inú rẹ̀. Òkè-Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń gé igi fún èédú lójoojúmọ́, ni omi Ìkẹ̀rẹ̀ ti ń wá. Ní ìsàlẹ̀, àwọn tó ń wa yanrìn ń wa bèbè odò mọ́ ọn, ibi tí ẹja àrọ̀ àti epìyà ti ń yé sì ń bà jẹ́.

Ohun tó dé bá Ọ̀ṣun ló burú jù lọ. Àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń fọ ilẹ̀ sínú àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Omi tó ń dán tẹ́lẹ̀ wá pọ́n bí ẹrẹ̀. Ní ọdún 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ ní láti kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Ẹ rò ó wò. Omi tí àgàn ń mu láti fi tọrọ ọmọ, tí àwọn èèyàn ń ti Brazil àti Cuba wá bù, di ohun tí a ń sá fún. Aṣéjìrẹ́ tó ń bomi fún Ìbàdàn wà nísàlẹ̀ odò yẹn kan náà. Ohun tí àwọn ẹlẹ́sìn fi èèwọ̀ ṣọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọdún díẹ̀ ti tó láti bà á jẹ́, nítorí pé alágbàtọ́ tó yẹ kó ké gbàjarè láti òkè odò kò sí lójú ọ̀nà.

Àjọ náà lónìí

Láti 1999, àwọn ọ̀gá àgbà àti ìgbìmọ̀ alákòóso àjọ náà ń yí padà bí ìjọba ṣe ń yí. Onímọ̀-ẹ̀rọ Olúfẹ́mi Odùmósù jẹ ọ̀gá àgbà lábẹ́ ìjọba Ààrẹ Buhari. Ọ̀mọ̀wé Adédèjì Ashiru ló gba ipò náà lábẹ́ ìjọba Ààrẹ Tinubu. Oko abomirin ṣì wà, àwọn àgbẹ̀ sì ń yá ilẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ abúlé ní bọ́húù tí àjọ gbẹ́. Ìkìlọ̀ omíyalé ń jáde lọ́dọọdún. Ọwọ́ wọn kò ṣófo, ṣùgbọ́n ẹnu kò kò lórí ohun tí wọ́n wà fún.

Ọ̀rọ̀ tún wà lórí ta ló ni etí odò. Nígbà tí àbádòfin lórí omi padà sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 2020, ọ̀pọ̀ èèyàn ní ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rù pé ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi gba ilẹ̀ etí odò lọ́wọ́ àwọn tó bí wọn síbẹ̀, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Mo lóye ìbẹ̀rù yẹn. Ẹni tí kò bá wọn tọ́jú omi ní àádọ́ta ọdún kò lè ṣàdédé wá sọ pé òun ni olówó rẹ̀. Ìtọ́jú ni yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀tọ́ hàn.

Ohun tí a fẹ́ kí ọdún tó ń bọ̀ mú wá

Mo fẹ́ kí ọjọ́ àyájọ́ yìí ju ọjọ́ àpèjẹ àti àmì ẹ̀yẹ lọ. Àwọn aṣòfin wa lè dá gbólóhùn 1976 padà sínú òfin: kí àjọ odò ní agbára láti yẹ omi wò, láti fi èsì rẹ̀ han gbogbo ìlú, àti láti dá ẹni tó ń bà á jẹ́ dúró. Àjọ Ògùn òun Ọ̀ṣun àti àjọ Benin òun Ọ̀wẹnà lè jókòó pọ̀ lórí Ìgèdè, kí orísun Ọ̀ṣun má wà láìní baba. Àwọn ọba àti baálẹ̀ etí odò, pẹ̀lú àwọn olùsìn tó ti ń ṣọ́ omi kí ìjọba tó dé, yẹ kí wọ́n ní àga nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí omi náà. Kí àwọn ọmọ Abúlé Títun àti ti Ìbarò, létí adágún Ọ̀yán, sì rí omi mímọ́ bù láìwọ inú adágún.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bóyá o ń gbé Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Ìsẹ́yìn tàbí Ìṣẹrí, odò kan wà tí ò ń mu. Béèrè orúkọ rẹ̀. Béèrè ibi tó ti ṣẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń ṣe sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Má ṣe da ìdọ̀tí sí i, má sì dákẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn bá ń dà á. Omi ò lọ́tàá. Gbogbo wa la máa ń mu ún, gbogbo wa la ó sì dáhùn fún ohun tí a ṣe sí i.